Orí Tó Gbọ́ Gbogbo Èdè

Láàárọ̀ kùtù, kí omi tó gbóná, ẹ óò gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú ilé ìwẹ̀. Ó ń kí ènìyàn. Ó fi èdè àwọn káfíńtà kí i, ó fi èdè àwọn aránṣọ kí i, ó fi ti àwọn onígbàjámọ̀ kí i, ó sì tún fi èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdílé rẹ̀ kí i. Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ara mi ni."

"Kí ló fèsì?"

"Ó ní àlàáfíà ni."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé kó jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ wẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Agbédègbẹ́yọ̀ Àgbà, òun náà ló sì fi oríkì lé e: Ọkọ Èdè, Àna Gírámà, Ẹnu-ọ̀nà Tí Gbogbo Ahọ́n Ń Gbà Wọlé. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gbé e sórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Pátákó náà gùn ju tábìlì lọ. Àwọn àlejò a máa fi báàgì wọn kọ́ apá tó yọ síta.

Ó ní irùngbọ̀n pẹ̀lú, irùngbọ̀n tó kún bí igbó etídò. Àràárọ̀ ló ń fi òróró pa á, tó ń yà á, tó ń tún un yà. Ó ní ìmọ̀ kì í gbé lórí àgbọ̀n tí kò nírun.

Ìlú tó ń gbé jẹ́ ìlú àwọn tó wá láti ibi gbogbo. Ẹni àkọ́kọ́ á dé, á rí iṣẹ́, á ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀, wọ́n á sì jọ jókòó ti iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ èdè kan lójú pópó níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́: abẹ́rẹ́ ni, ayùn ni, tàbí abẹ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ní kí Ọ̀mọ̀wé wádìí bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbọ́ ara wọn yé. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó tó bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tí wọ́n gbé e fún ni ìṣòro.

Ó sọ fún gbogbo ayé pé òun gbọ́ èdè méje. Ẹ jẹ́ ká tún gbólóhùn yẹn ṣe. Ìkíni méje ló mọ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn ní ilé méje kò tíì wọ yàrá kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìkíni, ìmirí ló kù. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá gùn, a rọra mirí. Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, a yára mirí. Bó bá dákẹ́, Ọ̀mọ̀wé a fọwọ́ pa irùngbọ̀n, a ní "Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n," a sì tún mirí sí i.

"Olùwádìí tòótọ́," báyìí ló ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, "kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò gbọ́. Ẹni tó bá béèrè pé 'kí lẹ wí?' ti ba ìwádìí jẹ́."

Alángbá tó já láti orí ìrókò mirí lẹ́ẹ̀kan, ó yin ara rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé kò já láti orí nǹkan kan, síbẹ̀ orí rẹ̀ kò sinmi. Alángbá gan-an ni gbogbo àdúgbò ń pè é, oníkálukú ní èdè tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, á mirí.

Nígbà tó yá, ìmirí náà di ẹ̀kọ́. Ọ̀mọ̀wé kéde pé kò sí ohun tó ń jẹ́ èdè láyé yìí, pé ìkíni àti ìmirí ni Ẹlẹ́dàá dá, àwọn olójú kòkòrò ló fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó wá ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀kọ́ náà sọlẹ̀ sí, ibi tó ní afẹ́fẹ́.

Ilé ìwòsàn ìlú ní yàrá kan bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Fèrèsé rẹ̀ gba atẹ́gùn láti ọ̀tún àti láti òsì. Obìnrin ògbufọ̀ kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ náà, ó gbàwé ẹ̀rí, kì í sì í fi ìwé ẹ̀rí náà pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn. Aláìsàn tí kò gbọ́ èdè dókítà á lọ jókòó tì í. Òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí yóò sì gbé ti dókítà padà, láìjẹ́ kí ẹyọ kan jábọ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀mọ̀wé lọ bá ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ẹ ń fi ọ̀pá fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ohun tí ògbufọ̀ jẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà kí aláìsàn, kó mirí, kó rẹ́rìn-ín. Ìyókù á yé wọn. Ẹ fi mí ṣe Olùdarí Ìgbọ́ra-ẹni-yé, ẹ fún mi ní yàrá yẹn, ẹ ó sì rí i."

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọkùnrin tí kò ṣàìsàn rí, tó sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun. "Ó bọ́gbọ́n mu," ó ní.

Olórí nọ́ọ̀sì tó jókòó sí igun tábìlì gbójú sókè. "Alága, ẹni tí inú ń run, tí a bá mirí sí i, ṣé inú náà á dákẹ́?"

"Ẹ dán mi wò," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

Wọ́n mú ìyá àgbà kan wọlé látinú àwọn aránṣọ. Ó fọwọ́ méjèèjì di abẹ́ ìdodo rẹ̀ mú. Ọ̀mọ̀wé kí i ní èdè rẹ̀, ìyá náà sì bú sọ́rọ̀, ó sọ ọ́ lọ, ó sọ ọ́ bọ̀. Ọ̀mọ̀wé mirí títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń gbá tábìlì.

"Ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀," ó ní, "fún ilé tuntun tí ẹ kọ́."

"Ìyá ní òun kò tíì tọ̀ láti àná," ni ògbufọ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbìmọ̀ yíjú sí Ọ̀mọ̀wé.

"Ìyẹn," Ọ̀mọ̀wé dáhùn, "wà lábẹ́ ọpẹ́ náà."

Olórí nọ́ọ̀sì ti gbé ìyá náà sáré jáde. Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ò mọ alága. Ó ní àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́. Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé wá sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé, kó pe àwọn tó ti wádìí lọ́dọ̀ wọn, kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Bó bá yege, yàrá di tirẹ̀, kí ògbufọ̀ kó ẹrù rẹ̀.

"Bí kò bá wá yege ńkọ́?" ni ògbufọ̀ béèrè.

Ọ̀mọ̀wé ti lọ kan pátákó oríkì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Kò gba ìbú, nítorí náà ó kàn án ní ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti gbé ọrùn dùbúlẹ̀ sí èjìká.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn aboyún ti ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ògbufọ̀, tí ojú wọn kò sì dùn.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé Alángbá ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìrọbí?"

"Bí ẹ bá lè bí ṣáájú Sátidé," ògbufọ̀ wí, "ẹ bí."

Ó fi ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹrù tó ní láti kó.

Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ há gbólóhùn tuntun kan sórí ní gbogbo èdè náà: "Ẹ wá bá mi ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé." Ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ ọ́. Àwọn ènìyàn náà sì ní ìbéèrè tiwọn láti bi í.

Ohun tí òun kò mọ̀, kò yẹ kó pamọ́ fún ẹ̀yin. Ó ti pẹ́ tí ojú àwọn káfíńtà ti wọ ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, tí ó jẹ́ igi àtijọ́ tí wọ́n fín dáadáa. Wọ́n ti bi í lọ́jọ́ ìwádìí bóyá àwọn lè yọ ọ́ kí àwọn fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó mirí. Báyìí tó wá ń pè wọ́n sí gbọ̀ngàn, wọ́n bi í bóyá kí àwọn yọ ọ́ tó bá ti kúrò nílé lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn wò ó, kí àwọn sì gbé e wá fún un níbẹ̀. Ó tún mirí.

Àwọn onígbàjámọ̀ ra ẹ̀rọ ìgẹrun tuntun. Wọ́n ń wá ẹni tí irun rẹ̀ pọ̀ tó láti fi han gbogbo ìlú bí ẹ̀rọ náà ṣe mú tó. Wọ́n fọwọ́ kan irùngbọ̀n Ọ̀mọ̀wé, wọ́n béèrè bóyá yóò jẹ́ kí àwọn fá a àti irun orí rẹ̀ kanlẹ̀ lójú èrò. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Ó mirí, ó tún gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n lè rí abẹ́ rẹ̀.

Ti àwọn aránṣọ, ẹ ní sùúrù. Ó ní àsìkò tirẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n béèrè nǹkan, ó mirí, inú wọn dùn púpọ̀, wọ́n sì fa téèpù yọ, wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n wọn àyà rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fi aṣọ dá mi lọ́lá," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé.

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Mo gbọ́ wọn yé ni."

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a gbé, kò sì gbọ́ obìnrin náà yé lẹ́ẹ̀kan rí.

Sátidé dé. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Ìyàwó Ọ̀mọ̀wé jókòó níwájú, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé ògbufọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé gorí pèpéle nínú kóòtù tuntun, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán bí bàtà. Ó fi èdè méje kí gbogbo ilé. Èdè méje dáhùn. Alága wo olórí nọ́ọ̀sì bí ẹni pé, ṣé o rí i?

Olórí àwọn káfíńtà ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀mọ̀wé mirí, ó kọjú sí èrò.

"Ó ní láti ìgbà tí mo ti dé àárín àwọn ni ilẹ̀kùn oore ti ṣí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa á lọ́wọ́ ni àwọn káfíńtà gbé ilẹ̀kùn kan wọlé, tòun ti àgádágodo tó ń fì dirodiro lára rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn wa nìyẹn," ni ìyàwó Ọ̀mọ̀wé wí.

"Ẹ̀bùn ni," ni Ọ̀mọ̀wé dáhùn láti òkè. "Wọ́n gbẹ́ ẹ fún mi ni."

"Ṣé àwọn náà ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọmọ wa sí i?"

Ọ̀mọ̀wé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyẹn ni èdè kan ṣoṣo tí kì í mirí sí, èdè ìyàwó rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ àgbà gun pèpéle, ó sọ̀rọ̀ ṣókí, ó sì na ìka sí orí rẹ̀.

"Ó ní orí mi pé," Ọ̀mọ̀wé túmọ̀. "Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí."

Onígbàjámọ̀ tẹ́ aṣọ funfun, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

"Aṣọ oyè nìyí," Ọ̀mọ̀wé wí, ó sì tẹ orí ba kí oyè lè jókòó dáadáa.

Ẹ̀rọ náà kùn. Àwọn onígbàjámọ̀ kò purọ́, ó mú. Kí Ọ̀mọ̀wé tó gbórí sókè, ó ti la ọ̀nà kan já láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ọ̀nà tó tọ́, bí ìgbà tí ìjọba la títì gba inú igbó. Kó tó yanu, apá òsì irùngbọ̀n ti wà nílẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe fún mi?" ó pariwo.

Onígbàjámọ̀ kò gbọ́ èdè náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì mirí.

Ibi tí a dé nìyí nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀yìn. Àwọn aránṣọ ni. Ìyá àgbà tí kò lè tọ̀ lọ́jọ́sí wà láàárín wọn, ara rẹ̀ ti yá, òun ló sì ń jó jù. Wọ́n gbé kóòtù funfun kan dání, èyí tó bá apá Ọ̀mọ̀wé mu, tó bá àyà rẹ̀ mu. Níwájú wọn ni obìnrin gíga kan ń rìn bọ̀, ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, nínú aṣọ funfun tó ń wọ́ nílẹ̀, pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́.

Ọ̀mọ̀wé wo òdòdó. Ó wo kóòtù. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó bọ́ sí etí pèpéle, ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ògbufọ̀, aṣọ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́. Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ọ̀mọ̀wé, mo ṣebí ẹ gbọ́."

"Ẹ dákun."

"Ọ̀pá ni mí o, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé kò pé mọ́ ni?"

Alága ló dìde, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá fún un. "Ìyáàfin, ẹ ṣàánú wa. Ẹ bá wa tú u."

Ògbufọ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó dìde. Ó bi káfíńtà, ó túmọ̀. Ó bi onígbàjámọ̀, ó túmọ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó sì mú kó burú nìyẹn. Ilé ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin aláṣọ funfun.

"Ó ní òun ni ìyàwó."

Ìyàwó Ọ̀mọ̀wé tún ìró rẹ̀ ró, ó rọra dìde. "Ẹ bá mi bi í, àbúrò. Ìgbà wo ni baálé mi gbà?"

Ògbufọ̀ béèrè. Gbogbo àwọn aránṣọ jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń mirí láti fi ṣe àpèjúwe.

"Wọ́n ní àwọn bi í bóyá yóò fẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn, ó mirí. Wọ́n bi í bóyá ó ti níyàwó nílé, ó mirí. Wọ́n bi í bóyá ìyàwó náà fọwọ́ sí i." Ògbufọ̀ wo Ọ̀mọ̀wé lójú. "Ó mirí, ó sì tún rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín wó lulẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ń túmọ̀ fún àwọn tó wà níta, ẹ̀rín sì ń tún bẹ́ láti èdè dé èdè, bí iná ọyẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú náà jọ gbọ́ yé lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, Ọ̀mọ̀wé ló sì fún wọn. A kò lè ní kò ṣiṣẹ́ kankan.

"Ẹ sọ fún un," ìyàwó rẹ̀ wí, "pé mo yọ̀ǹda rẹ̀. Kó máa mú un lọ."

Ìyàwó tuntun gorí pèpéle. Ó yí Ọ̀mọ̀wé po. Ó wo títì tó la orí rẹ̀ já, ó wo ààbọ̀ irùngbọ̀n, ó sì sọ gbólóhùn kan péré.

"Ó ní ọkùnrin tó ń gbọ́ràn ni wọ́n júwe fún òun," ni ògbufọ̀ wí. "Ó ní kí ẹ máa gbé ẹrù yín, Ìyá."

Àwọn aránṣọ ká kóòtù náà, wọ́n mú un lọ. Wọ́n ní yóò bá ẹlòmíràn mu.

Olórí nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wá àyè tipẹ́. Ó dìde ní tirẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní èdè tí òun àti Ọ̀mọ̀wé jọ mu nínú ọmú, ó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan já gaara.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé kí a yọ pátákó yín lára ilẹ̀kùn ògbufọ̀, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Olùdarí sì parí síbí?"

Ọ̀mọ̀wé ń fọwọ́ wá apá òsì irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà náà. Kò gbọ́ ohun tó wí. Ó kàn rí i pé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ tán, pé wọ́n ń wo òun, orí rẹ̀ sì ṣe ohun tí orí rẹ̀ máa ń ṣe.

Ó mirí.

"Ẹ rí i," ni alága wí fún ìgbìmọ̀, "òun fúnra rẹ̀ ti gbà." Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn aboyún tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó ku ilẹ̀kùn. Àwọn káfíńtà ní iṣẹ́ àwọn ni láti gbé e wá, wọ́n kò bá a ṣàdéhùn àtigbé e padà. Ilé sì wà ní ìṣísílẹ̀. Ni Agbédègbẹ́yọ̀ Àgbà, Ọkọ Èdè, bá gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ rù, ìyàwó rẹ̀ ń lọ níwájú pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́. Òpópónà gùn. Láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kí i ní èdè tiwọn, wọ́n ń pè é ní Alángbá, òun kò sì lè dá wọn lóhùn bó ti máa ń ṣe. Ẹni tó ru ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ mi orí.

Ní ìkóríta, ìyá àgbà aránṣọ náà bá wọn, ó dúró gán-ún níwájú rẹ̀, ó bi í ní nǹkan. Ọ̀mọ̀wé fẹ́ mirí. Ilẹ̀kùn kò gbà fún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òógùn ń ṣàn gba ojú títì orí rẹ̀ bọ̀.

"N kò gbọ́," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ kò yíjú padà.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá wọn," ó ní. "Ó bá ẹnu yín mu."